Ẹ̀wà Inú Agolo Mílíìkì

Ara mi kì í balẹ̀. Báyìí tí mo ti dàgbà, tí orúnkún ń dùn mí, mi ò lè ka ìwé ojú méjì kí n má dìde lọ wò bóyá omi ti hó lórí iná. Àwọn ọmọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá kú, wọn yóò ní láti so mí mọ́ pósí, kí n má bàa dìde lọ wo àwọn tó wá síbi ìsìnkú. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé àìlèjókòó yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ yà mí kúrò lọ́dọ̀ ìyá mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, àti pé orí hóró ẹ̀wà kan ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Agége là ń gbé, ní àárín àwọn ọdún 1950, ilé wa kò sì jìnnà sí ojú irin. Àdúgbò náà gan-an kò balẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin á kọjá, páànù orí ilé á máa gbọ̀n. Màlúù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ọya á gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, wọ́n á tẹ àgbàdo tí ẹnì kan sá síta mọ́lẹ̀, ariwo á sọ. Lọ́nà Ìkẹjà, katakátá ń wó igbó níbi tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ sí. Bàbá mi tó ń bá ìjọba tún ojú irin ṣe á délé, á sọ pé igi ńlá báyìí báyìí tún ti ṣubú lónìí. Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ lọ fojú ara mi rí.

Iṣẹ́ obì ni ìyá mi ń ṣe. Kì í ṣe pé ó ń tà á o. Obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwa ló ni ilé gbọọrọ tí wọ́n ń kó obì gbàǹja sí kí wọ́n tó dì í sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò, ìyá mi sì wà lára àwọn obìnrin tó ń bá a ṣe é. Wọ́n á bó èèpo funfun ara rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n, wọ́n á kó o sí i. Ibẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ parí sí. Ní ọjọ́ mélòó kan síra wọn, wọ́n á tún ṣí agbọ̀n náà, wọ́n á da obì jáde, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yọ èyí tí kòkòrò ti dé sí, wọ́n á pààrọ̀ ewé, wọ́n á tún kó o padà. Obìnrin tí wọ́n bá bá kòkòrò nínú agbọ̀n rẹ̀, èébú ló máa gbọ́ lọ́jọ́ náà. Èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún ìyá mi gùn, ó sì le, òun ló fi ń bó obì, òun náà ló fi ń tú kòkòrò jáde.

Inú ilé obì yẹn ni mo ti kọ́ ìrìn. Ibẹ̀ náà ni mo ti gun orí agbọ̀n kan lọ́jọ́ kan láti wo ohun tó wà lójú fèrèsé, tí èmi àti agbọ̀n jọ ṣubú, tí obì sì yí káàkiri títí dé àárín títì. Ìyá olóbì kò lù mí. Ó kàn sọ fún ìyá mi pé òun ò fẹ́ rí ọmọ yìí níbẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe dé jẹ́lé-ó-sinmi nìyẹn, nítorí ọwọ́ mi kò tíì lè gba orí kọjá kan etí òdìkejì, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kan etí kò lè wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni kíláàsì wa wà, ó ní òrùlé páànù, ó ní ògiri tó dé ìdajì, àwọn bẹ́ǹṣì rẹ̀ sì kúrú gan-an. Olùkọ́ wa jẹ́ ọmọge kan tí kò tíì ju ogún ọdún lọ, ó ga, ó tín-ínrín, ó fẹ́ràn bàtà funfun. Mísì ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń kọ́ wa ní a, b, d lórí síléètì. Igi ìṣáná ló fi ń kọ́ wa ní oókan, eéjì. A máa ń ka ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ lórin, a máa ń pàtẹ́wọ́ sí i, ní gbogbo ọjọ́ Ajé sì ni a máa ń na ọwọ́ wa síwájú kó lè wo èékánná wa. Mo fẹ́ràn gbogbo nǹkan wọ̀nyí fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí mì.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, Mísì gbé ìwé ńlá kan wá tí àwòrán àwọn ọmọ òyìnbó wà nínú rẹ̀, òdòdó ló kún ọwọ́ wọn. Ó ní ìgbà ìrúwé ni wọ́n wà lọ́hùn-ún báyìí, pé òtútù ti gbọn gbogbo ewé wọn dànù, àmọ́ ewé ti ń padà bọ̀. Mo bi í pé níbo ni ewé náà lọ. Kó tó dáhùn, mo ti wà lórí ògiri, mò ń wo àgbàrá tó ń gbé bàtà ẹnì kan lọ. Gbogbo kíláàsì ló tẹ̀lé mi wá wò ó.

Ọjọ́ náà ni Mísì ránṣẹ́ pe ìyá mi. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi wà láàárín wọn.

“Ìyá, ẹ má bínú,” Mísì sọ. “Ọmọ yín gbọ́n, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n kò lè jókòó. Bó bá sì ti dìde, gbogbo àwọn yòókù á dìde. Bí mi ò bá rí ìyàtọ̀ kí a tó gba ìsinmi, n óò dá a padà fún yín títí di ọdún tó ń bọ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Mísì,” ìyá mi wí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù. “Mi ò níbi tí màá gbé e sí. Wọn ò fẹ́ rí i níbi iṣẹ́ mi mọ́.”

Nígbà tí a ń lọ sílé, kò bú mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Bí wọ́n bá dá ọ padà, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú lo máa lọ o. Kì í ṣe pé mò ń halẹ̀ mọ́ ọ. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe ni.”

Mo ti dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í lu ọmọdé, ilé wọn sì dákẹ́ débi pé èèyàn á máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ alángbá lórí ògiri. Ìyẹn kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ìyá mi ní ohun kan tó máa ń ṣe. Bí a bá jókòó níbikíbi, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nídìí oúnjẹ, tí ẹsẹ̀ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí mì, á kàn gbé ọwọ́ lé mi ní orúnkún. Kì í tẹ̀ ẹ́, kì í sọ̀rọ̀, kì í tilẹ̀ wo ojú mi. Ẹsẹ̀ náà á dúró. Mo ń rò ó lójú ọ̀nà pé ta ni yóò máa gbé ọwọ́ lé mi ní orúnkún ní Ìjẹ̀bú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Mísì ní kí kálukú mú agolo mílíìkì kan wá. Ó fi ìṣó lu ihò sí ìdí rẹ̀, ó sì kó wa lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì láti bu erùpẹ̀ dúdú. Ó fún wa ní hóró ẹ̀wà funfun kọ̀ọ̀kan. “Ẹ gbé e sínú ilẹ̀,” ó wí, “ẹ bò ó, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dà á láàmú.” A to agolo náà sórí ògiri, a sì kọ́ orin kan tí Mísì ṣe fúnra rẹ̀:

Ẹ̀wà mi wà nínú ilẹ̀,
Òjò ń rọ̀, oòrùn ń ràn,
Bó bá di ọjọ́ mélòó kan,
Ẹ̀wà mi á yọjú síta.

Lẹ́yìn orin, ó lóṣòó síwájú mi. “Ìwọ, gbọ́ o. Bí ẹ̀wà tìrẹ bá hù, n óò mọ̀ pé o ti ń kọ́ sùúrù, a ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ tí mo bá ìyá rẹ sọ.” Kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá hù. Èmi náà kò bèèrè. Mo mọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ pé n kò ṣe oríkunkun. Mo gbọ́ ohun tí Mísì sọ dáadáa. Ṣùgbọ́n mo wò ó pé ìwé ni Mísì mọ̀, ó lè má mọ irú iṣẹ́ yìí. Níbo ni wọ́n ti ń gbé nǹkan pamọ́ tí wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò? Nígbà tí àwọn yòókù bá ti sáré jáde lọ ṣeré, èmi á lọ sídìí agolo mi. Mo máa ń wú ẹ̀wà náà, n óò nu ún mọ́ aṣọ mi, n óò yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bóyá kòkòrò ti lu ú. N óò já ewé tútù kan létí ògiri, n óò fi wé e dáadáa bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe, n óò sì dá a padà. Lójoojúmọ́ ni mo ń pààrọ̀ ewé. Àánú ẹ̀wà àwọn tó kù tilẹ̀ ń ṣe mí, nítorí kò sẹ́ni tó ń bójú tó o.

Ní Ọjọ́bọ̀, agolo mẹ́ta ló hù. Ní ọjọ́ Ẹtì, gbogbo orí ògiri ti di àwọ̀ ewé, àfi tèmi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wú u lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ Ajé, a na ọwọ́ wa síwájú. Mísì rí erùpẹ̀ dúdú lábẹ́ èékánná mi, ó wo ọwọ́ mi, ó wo agolo mi, ó sì lọ da agolo náà sórí bébà. Ìdìpọ̀ ewé kékeré kan ló jáde. Ó tú u. Ẹ̀wà mi wà nínú rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, gbòǹgbò funfun tín-ín-tín kan tó ti ṣẹ́ sì wà lára rẹ̀.

“Ta ló wé e sínú ewé?”

“Èmi ni, mà.”

“Nítorí kí ni?”

“Kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ẹ wò ó, mà, kòkòrò ò jẹ ẹ́.”

“Ta ló kọ́ ọ ní irú èyí?”

“Bí Màámi ṣe ń ṣe obì nìyẹn.”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mísì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó di ẹ̀wà náà mú sí àtẹ́lẹwọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú sísọ́ọ̀sì, ó gé èékánná mi kan ẹran, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń gé e. “Obì tí ẹ ń ṣe, ẹ ò fẹ́ kó hù, ẹ fẹ́ kó wà bó ṣe wà títí tó fi máa dé Kánò. Èyí, a fẹ́ kó hù. Nígbà tó o bá ń wú u, ò ń já ẹsẹ̀ tó fẹ́ fi dúró.” Ó gbin ẹ̀wà mìíràn sínú agolo náà. “Gbé e lọ sílé. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ìwọ àti ìyá rẹ ni kí ẹ jọ gbé e padà wá. Bí mo bá rí i pé wọ́n fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀ nígbà tí mo sọ fún un. Ó ń nu ojú, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé agolo náà sójú fèrèsé, ó sì kìlọ̀ fún bàbá mi pé kò gbọ́dọ̀ gbé fìlà rẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Mo jókòó lé ọwọ́ ara mi. Mo kọ orin Mísì títí bàbá mi fi ní ẹ̀wà náà ti gbọ́. Mo máa ń lọ wò ó, mo máa ń sáré kúrò níbẹ̀ kí ọwọ́ mi tó dá ìpinnu ṣe. Àmọ́ ẹni tó yà mí lẹ́nu ni ìyá mi. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á ní, “Ó ti yọ?” Ó ń gbálẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Ó ń dìde nídìí oúnjẹ lọ sójú fèrèsé, á padà, á tún dìde. Títí di ìgbà náà, mo rò pé èmi nìkan ni irú mi nínú ilé. Mo wá rí ibi tí mo ti jogún rẹ̀, inú mi sì dùn fún ìdí tí n kò mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì dé, erùpẹ̀ dúdú nìkan ló ṣì wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, mo sì bá ìyá mi lójú fèrèsé. Ó tẹ orí ba. Èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ti wọ inú erùpẹ̀ agolo mi.

“Màámi! Mísì ní ká má ṣí i!”

Ó ta gìrì, ó fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. “Mo kàn ní kí n wò ó ni. Ó ti pẹ́ jù. Bóyá kòkòrò—”

“Kòkòrò ò ní jẹ ẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀, ó ń wá ẹsẹ̀ tó máa fi dúró.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. N kò rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ báyẹn rí. “Ó wà níbẹ̀,” ó sọ fún mi ní ohùn jẹ́jẹ́. “Mo rí funfun rẹ̀. Ọwọ́ mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ yìí.” A jọ fi erùpẹ̀ bò ó.

Ó yọ orí síta ní ọjọ́ Ìsinmi, ó tẹ ọrùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi máa mọ́, ó ti na ọrùn, ó ti la ewé méjì. Àpá èékánná wà lára ewé kan, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó sì hàn kedere.

Ìyá mi wọ aṣọ tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ ọwọ́ rẹ̀, síbẹ̀ àwọ̀ obì kò kúrò níbẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, Mísì gba agolo náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó hù!” Lẹ́yìn náà ló gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ̀rín náà sì kúrò.

“Ta ló fọwọ́ kàn án?”

Bí mo bá ní Màámi ni, ojú máa tì í níwájú ọmọge kékeré yìí àti gbogbo kíláàsì. Bí mo bá ní èmi ni, Ìjẹ̀bú ni. Mo wo ìyá mi.

“Èmi ni, mà,” mo sọ.

Mísì mú ọwọ́ mi, ó gbé ìka mi sí ẹ̀gbẹ́ ewé náà. Èékánná tó gé fúnra rẹ̀ kò tíì hù, kò sí bó ṣe lè ya ewé. Ojú rẹ̀ lọ síbi ọwọ́ ìyá mi, ìyá mi sì ká àtàǹpàkò rẹ̀ sínú ìkúùkù, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wo èékánná rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyá mi kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì. “Mísì, èmi ni. Ẹ má torí mi lé ọmọ mi. Kò fọwọ́ kàn án rárá, ó tilẹ̀ bá mi wí. Ara tèmi ni kò gbà á.”

Ọkọ̀ ojú irin kan ń kọjá nígbà yẹn. Páànù gbọ̀n. Mísì wo ìyá mi, ó wò mí, ó tún wo ewé náà, títí ọkọ̀ náà fi lọ tán.

“Ẹ dìde, Ìyá,” ó wí. “Ẹ wọlé wá jókòó.”

“Èmi?”

“Ẹ jókòó tì í. A ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

Ìyá mi kò wọ kíláàsì rí láyé rẹ̀. Bẹ́ǹṣì náà kúrú débi pé orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà rẹ̀. Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀, ó kó ọwọ́ lé itan. Mísì gbé agolo mi sáàárín àwọn tó kù lórí ògiri, ó mú ẹfun, ó kọ a, ó kọ b. A pariwo rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. Mo gbójú sókè, mo rí i pé ètè ìyá mi ń mì, ó ń tẹ̀ lé wa láìjẹ́ kí ohùn jáde.

Nígbà tó yá, bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Mo wo ẹsẹ̀ mi, kì í ṣe èmi. Ẹsẹ̀ ìyá mi ló ń mì lábẹ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ó ń mì kíkankíkan. Mo gbé ọwọ́ lé e ní orúnkún. Mi ò tẹ̀ ẹ́, mi ò sì wo ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà dúró, a sì jókòó bẹ́ẹ̀, èmi àti òun, títí agogo fi lù.